Ojú Òpó Wa Kò Ṣeé Lò fún Akanda Ẹ̀dá: Ta Ni Ká Pè, Kí Ni Ká Kọ́?

Àwọn tó ń bójú tó ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló sábà máa ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí.

Ojú òpó wa dára lójú, ó sì ń yára ṣí. Kí ló dé tí wọ́n ní akanda ẹ̀dá kò lè lò ó?

Ohun tó dára lójú lè má dé etí rárá. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà yín fi ń sanwó, ẹ ti máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa tẹ Tab lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí ìlà kan máa yí ibi tí ẹ dé ká. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ wà mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè di máòsì mú, ti ń sọnù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba NVDA sórí kọ̀ǹpútà Windows. Ọ̀fẹ́ ni, NV Access ní Ọsirélíà ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ afọ́jú ló sì fi ń gbọ́ ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ pa iná ojú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tún máa tẹ Tab. NVDA á máa sọ pé: "Edit, blank." "Edit, blank." "Button." Èwo ni ti orúkọ nínú méjèèjì, èwo ni ti nọ́ńbà àkáǹtì? Bọ́tìnì yẹn ńkọ́, ṣé owó ló máa fi ránṣẹ́ ni àbí gbogbo ohun tí ẹ ti kọ ló máa pa rẹ́? Ẹni tó ríran rí àkọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ kóòdù kò so àkọlé mọ́ àpótí, àwòrán tí kò ní orúkọ ló sì fi sínú bọ́tìnì. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba àkókò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àìkọ́ ló fà á.

Òfin wo ló kàn wá, kí la sì fi ń wọn iṣẹ́ náà?

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tó lòdì sí ìdẹ́yẹsí akanda ẹ̀dá ti wà nílẹ̀. Oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá ń tajà fún àwọn ará Yúróòpù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, European Accessibility Act ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2025. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Britain ti ní tiwọn láti 2018.

Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò káàkiri ayé ni WCAG, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbé jáde. Ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù kẹwàá 2023. Ìlànà 86 ló wà nínú rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta: A, AA àti AAA. Bí ẹ bá pa A àti AA pọ̀, 55 ni, ìyẹn sì ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá ṣèlérí AAA fún odindi ojú òpó, ẹ ṣọ́ra fún un; W3C fúnra wọn kò dámọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè dé ìpele yẹn láéláé.

Ṣé ká rán ẹnì kan lọ kọ́ṣẹ́, kó wá máa kọ́ àwọn yòókù?

Àṣà yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ọ̀gá á rán ọmọ tó ń kọ kóòdù lọ, ọmọ á gba ìwé-ẹ̀rí dé, nígbà tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn, ìmọ̀ ti bá a lọ. Bó bá tilẹ̀ dúró, òun nìkan kọ́ ló ń ba ojú òpó jẹ́. Ọwọ́ púpọ̀ ló ń ṣe é, nítorí náà ẹ pín ẹ̀kọ́ náà bí ẹ ṣe pín iṣẹ́.

Àwọn tó ń gbé ìròyìn àti àwòrán sókè kò nílò kóòdù. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì tó wọn: bí a ṣe ń kọ alt, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú àwòrán, bí a ṣe ń lo àkọlé gidi dípò kí a kàn mú lẹ́tà dúdú, ìdí tí "tẹ ibí" kò fi yẹ ní orúkọ líǹkì, àti bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò fún adití.

Ayàwòrán ojú òpó gbọ́dọ̀ mọ àwọ̀ àti ìwọ̀n. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 bí lẹ́tà bá tóbi. Àwọ̀ eérú #999999 lórí funfun, tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn gan-an, kò ju 2.85 lọ, kò yege; #767676 yege, torí ó jẹ́ 4.54. Bọ́tìnì orí fóònù, ó kéré tán, kó jẹ́ píkísẹ̀lì 24 ní gígùn àti ní ìbú, àyàfi bí àyè bá wà yí i ká dáadáa.

Àwọn tó ń kọ kóòdù ni ẹ̀kọ́ wọn gùn jù. Kí wọ́n kọ́ HTML tó péye kí wọ́n tó fọwọ́ kan ARIA, ìyẹn àfikún kóòdù tó ń sọ fún ẹ̀rọ bíi NVDA irú ohun tí nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó bá sáré wọ inú ARIA á máa fi orúkọ bọ́tìnì sórí ohun tí kíbọ́ọ̀dù kò lè tẹ̀, ìyẹn sì burú ju kí ó má fi nǹkan kan síbẹ̀ lọ.

Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé àdéhùn. Bí òun kò bá mọ ohun tí WCAG 2.2 AA jẹ́, ó máa ra ètò tí kò ṣeé tún ṣe, gbogbo ẹ̀kọ́ àwọn yòókù á sì já sófo.

Níbo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dára wà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ W3C: ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wọn wà lórí edX, ọ̀fẹ́ ni àyàfi bí ẹ bá fẹ́ ìwé-ẹ̀rí. WebAIM, tó wà ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ní àlàyé kíkọ tó kún rẹ́rẹ́, kò sì jẹ dátà bíi fídíò. Deque University máa ń gba owó, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni fún akanda ẹ̀dá. Bí irú wọn bá wà lára òṣìṣẹ́ yín, ẹ sọ fún wọn lónìí.

Fún ẹni tó máa ṣe àyẹ̀wò, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, Department of Homeland Security, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Trusted Tester. Ó lágbára, torí ó ń kọ́ gbogbo àwọn tó bá ṣe é láti tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kan náà, kí èsì wọn má baà yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n Section 508, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ ìjọba tó ṣeé lò fún akanda ẹ̀dá, ló ń tẹ̀ lé, òfin yẹn sì dúró lórí WCAG 2.0. Ẹni tó bá parí rẹ̀ ṣì ní ìlànà 18 tí yóò kọ́ kún un kó tó lè yẹ 2.2 AA wò: 12 láti inú 2.1, 6 láti inú 2.2.

Ìwé-ẹ̀rí ńkọ́?

Ti IAAP, àjọ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ yìí, ni àwọn agbaniṣíṣẹ́ mọ̀ jù. CPACC jẹ́ ti ìpìlẹ̀: irú ìpèníjà ara tó wà, òfin, àti ìlànà ìṣètò. Kò sí kóòdù níbẹ̀. WAS ni ti kóòdù àti àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní méjèèjì ń jẹ́ CPWA. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ẹni tó ní CPACC nìkan láti wá tún fọ́ọ̀mù yín ṣe. Ó lè kọ́ àwọn ọ̀gá yín dáadáa kó má sì mọ ibi tí wọ́n ti ń so label (àkọlé) mọ́ input (àpótí).

Báwo la ṣe ń dá ògbóǹtarìgì mọ̀ kí owó tó jáde?

Ẹ ní kó fi ìròyìn àyẹ̀wò kan tó ti ṣe hàn yín, kó yọ orúkọ oníbàárà rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò dára máa ń dà báyìí: "Ìlànà 1.3.1 àti 4.1.2 kò pé. Ẹ tún fọ́ọ̀mù yín ṣe." Ta ni ìyẹn ràn lọ́wọ́? Èyí tó dára rèé: "Ojú ìwé ìsanwó, àpótí kejì. NVDA ń sọ 'edit, blank' torí pé label kò ní for tó bá id àpótí mu. Ẹ kọ for="akanti" sí label, kí ẹ kọ id="akanti" sí input. Ìlànà 1.3.1 àti 4.1.2, ìpele A. Bí ẹ bá ṣe é tán, NVDA yóò sọ 'Nọ́ńbà àkáǹtì, edit, blank'." Ọmọ iṣẹ́ yín lè ka èyí kó tún un ṣe, á sì ti kọ́ nǹkan tí yóò lò nínú fọ́ọ̀mù tó ń bọ̀.

Ẹ tún bi í pé: kí lẹ máa ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán? Bí ó bá ní ó tán nìyẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá ẹlòmíràn. Lọ́dún 2017, àwọn Government Digital Service ní Britain mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojú ìwé kan tó ní ìdènà tó lé ní 140, wọ́n sì fi oríṣiríṣi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú wọn rí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ lè mọ̀ pé àwòrán ní alt. Kò lè mọ̀ bóyá orúkọ oògùn tó wà nínú àwòrán gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀. Oníṣẹ́ gidi á dárúkọ ohun tó fi ń gbọ́ ojú òpó: NVDA lórí Windows, TalkBack lórí Android, VoiceOver lórí iPhone.

Kí ẹ tó fún un ní iṣẹ́ ńlá, ẹ fún un ní ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ sanwó rẹ̀. Nínú àdéhùn, ẹ kọ àwọn ojú ìwé tó máa yẹ̀ wò: ti àkọ́kọ́, ibi ìwọlé, ibi ìwáǹkan, fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìsanwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin títí kan ohun tó ń hàn bí káàdì kò bá gbà, àti PDF kan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn àtúnṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ àdéhùn ti ń jò ni èyí: wọ́n á san owó ìròyìn, wọ́n á gbàgbé owó ìpadàwò.

Ẹnì kan ní òun ní ìlà kóòdù kan tó máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ má rà á. Ní oṣù kìíní 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, kéde pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò san mílíọ̀nù 1 dọ́là, torí ó ní ohun tí òun ń tà lè mú kí ojú òpó èyíkéyìí bá WCAG mu.

Ṣé ó pọn dandan ká pe akanda ẹ̀dá fúnra wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì sanwó fún wọn: owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ àti dátà. Ẹ lè gba ọ̀dọ̀ Nigeria Association of the Blind tàbí JONAPWD, tó jẹ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ akanda ẹ̀dá, tàbí Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́. Kí oníkálukú mú fóònù tirẹ̀ wá, torí òun ló mọ bó ṣe tò ó. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ mẹ́ta péré, irú bíi "ẹ san owó ilé-ìwé oṣù yìí", kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìgbà tí ẹ bá sọ pé "ó wà lápá ọ̀tún" ni àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n afọ́jú kan kò lè rọ́pò àyẹ̀wò tó péye: kò lè sọ bí àwọ̀ ṣe rí, kò sì lè mọ ohun tí adití pàdánù nínú fídíò.

Yorùbá la fi kọ díẹ̀ lára ojú òpó wa. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ níbi mẹ́ta tí àwọn olùkọ́ òkèèrè kì í kọ́ yín. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù ojú ìwé yín. Bí ó bá jẹ́ lang="en" ló wà lórí ìwé Yorùbá, ahọ́n òyìnbó ni ẹ̀rọ á fi kà á; lang="yo" ló yẹ. Bí ìwé bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ìpínrọ̀ kan jẹ́ Yorùbá, ẹ fi lang="yo" sórí ìpínrọ̀ yẹn nìkan.

Èkejì, àwọn kan máa ń fa ìlà sábẹ́ e àti o dípò kí wọ́n tẹ ẹ àti ọ. Ojú ń rí ìlà yẹn, etí kò gbọ́ ọ: ọkọ á di oko. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé fún yín.

Ẹ̀kẹta ni páálí ìkéde aláwòrán tí a ń gbé sórí ojú òpó láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà: ọjọ́, aago, ibi tí ó ti máa wáyé, àti nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè.