"Up", "out", "of", "to": bí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹnì kan bá wà nínú kòtò, tí ẹlòmíràn sì ń pè é láti òkè, elédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ fún un pé "Come back up out of there". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ìyẹn "come". Ọ̀rọ̀ kéékèèké márùn-ún ló tò gẹ̀rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìṣe ni Yorùbá ń tò: padà, gòkè, jáde, kúrò. Ibi tí èdè méjèèjì gbé ẹrù kà ni wọ́n fi yàtọ̀: Yorùbá gbé ọ̀nà tí ènìyàn gbà lé ìṣe lórí, Gẹ̀ẹ́sì sì gbé e lé àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó ń tẹ̀lé ìṣe.

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló pàdé níbẹ̀. Atọ́kùn kì í dá rìn, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn: "under the table", "from the river". Àpọ́nlé kò nílò orúkọ kankan, ìṣe ló rọ̀ mọ́: "She ran away". Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nínú "He fell down", àpọ́nlé ni "down". Nínú "He fell down the stairs", ó ti di atọ́kùn. Otto Jespersen, onímọ̀ èdè ọmọ Denmark, ti sọ ní 1924 pé kò yẹ kí ìyẹn sọ ọ̀rọ̀ kan di méjì, nítorí pé ìṣe náà máa ń gba àbọ̀ nígbà kan, kí ó má gbà á nígbà mìíràn, síbẹ̀ ìṣe ni à ń pè é. Rodney Huddleston àti Geoffrey Pullum, àwọn onímọ̀ gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì, tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ní 2002: lójú tiwọn, atọ́kùn ni "down" níbi méjèèjì, kódà "away" àti "here" pẹ̀lú. Àlàyé wọn mọ́gbọ́n dání ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń tò, orúkọ méjèèjì ṣì wúlò.

Ètò tó wọ́pọ̀ jù kò le: àpọ́nlé ń ṣíwájú, atọ́kùn ń tẹ̀lé e, orúkọ ń kẹ́yìn. "Down in the cellar", "out on the lake", "away from the fire". Àpọ́nlé ń sọ apá ibi tí nǹkan wà tàbí tí ó forí lé, atọ́kùn wá ń fi ìka kan ojú ibẹ̀ gan-an. Bí a bá dà á kọ, tí a ní "in down the cellar", kò sí elédè Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gbà á. Àpọ́nlé lè ju ẹyọ kan lọ, àwọn náà sì ní bí wọ́n ṣe ń tò. Nínú "back up onto the roof", "back" sọ pé ẹni náà ti wà níbẹ̀ rí, "up" sọ pé òkè ló ń lọ, "onto" sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀. Bí "back" bá ti túmọ̀ sí ìpadà, òun ló máa ń gba iwájú "up", "down", "in" àti "out". Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi agbára kún un, bí "right" àti "straight", tún lè ṣíwájú rẹ̀: "right back up onto the roof".

Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni pé àpọ́nlé yìí máa ń tú àṣírí ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà. "The keys are in the kitchen" kò sọ ju pé kọ́kọ́rọ́ wà ní ilé ìdáná. Fi "down" sí i, kí ó di "down in the kitchen": ó ti hàn pé ilé náà ní àtẹ̀gùn, ó sì jọ pé òkè ni olùsọ̀rọ̀ wà. "Out in the garden" sábà máa ń ti ẹnu ẹni tó wà nínú ilé jáde. "Over by the window" fi hàn pé àyè díẹ̀ wà láàárín olùsọ̀rọ̀ àti fèrèsé náà. Òkè àti ìsàlẹ̀ yìí kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gidi nígbà gbogbo. "Up north" àti "down south" bá máàpù mu, níbi tí àríwá ti sábà máa ń wà lókè ìwé. Ní Ìlú Ọba ẹ̀wẹ̀, ipò ọlá ló ń sọ ibi tó jẹ́ òkè. Ènìyàn lè "go up to London" láti apá ibikíbi, ojú irin tó lọ sí London ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì sábà máa ń pè ní "up line". "Go up" náà ni wọ́n ń pe wíwọ yunifásítì Oxford, "sent down" sì ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀.

"From" ní ìwà tirẹ̀. Òun lè gba àpọ́nlé tàbí atọ́kùn mìíràn sẹ́yìn láìsí ìjà: "from here", "from above", "from under the bed", "from behind the door". "Until" àti "since" náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti àkókò: "until after the war", "since before dawn". Ṣùgbọ́n "to" kì í bá "home" rìn lẹ́yìn "go". "Go home" ni, gẹ́gẹ́ bí "go there" ṣe jẹ́, nítorí pé "sí" ti wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn.

Nígbà mìíràn, ìṣe, àpọ́nlé àti atọ́kùn máa ń lẹ̀ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìtumọ̀. "Run out of" ṣì ṣeé tú palẹ̀: ohun tó wà nínú nǹkan ti ṣàn jáde tán. "Look down on" náà kò ṣòro, ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ènìyàn ń wò ó láti òkè. Ṣùgbọ́n "put up with", tó túmọ̀ sí kí ènìyàn fara da nǹkan, kò ní ilẹ̀kùn tí a lè gbà wọ inú rẹ̀. À ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Ti "look forward to" tilẹ̀ máa ń tan àwọn tó ti gbọ́ èdè náà dáadáa. Atọ́kùn ni "to" ibẹ̀, nítorí náà "looking forward to seeing you" ló tọ́, kì í ṣe "to see you".

Báwo ni a ṣe ń mọ àpọ́nlé yàtọ̀ sí atọ́kùn lẹ́yìn ìṣe? Lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. "Turn off the light" lè di "turn the light off", ṣùgbọ́n bí "it" bá dé, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "turn it off". Àpọ́nlé ni "off" yẹn. "Look after the child" kò lè di "look the child after", "look after her" sì ni a ń sọ, torí pé atọ́kùn ni "after". Etí náà máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Ohùn máa ń wúwo lórí àpọ́nlé, atọ́kùn kúkúrú sì máa ń fúyẹ́ kọjá. Nínú "run out of time", "out" dún ketekete, "of" sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Nínú ìwé kíkọ, àwọn kan ti so pọ̀, àwọn kan kò tíì so. "Into" ti wà láti ayé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "upon" jẹ́ "up" àti "on", "about" sì ti inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó túmọ̀ sí "on", "by" àti "out" wá. "Out of" ṣì ń kọ ìsopọ̀. "Off of" wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn olóòtú sì máa ń pa á rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to "out of", tí ẹnikẹ́ni kì í bá jà, náà ni wọ́n ṣe tò ó. Ibi tó yẹ kí a ti ṣọ́ra ni ibi tí "in" jẹ́ ti ìṣe, tí "to" sì jẹ́ ti orúkọ. "He turned himself in to the police" túmọ̀ sí pé ó fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ó ti para dà di ọlọ́pàá nìyẹn.

Ní 1672, John Dryden, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹnu àtẹ́ lu fífi atọ́kùn parí gbólóhùn, àwọn olùkọ́ kan sì sọ ọ́ di òfin. Ní 1762, Robert Lowth, tó kọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ní ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, ṣùgbọ́n gbígbé atọ́kùn síwájú yẹ ìwé tó níyì jù. Atọ́kùn lásán lè gbọ́ràn sí i lẹ́nu: "the bed I slept in" lè di "the bed in which I slept". Ó nira fún àwọn tó so kọ́ra. "The noise I put up with" kò ní wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé òfin lè fa "with" nìkan síwájú, kí ó ní "the noise with which I put up", ṣùgbọ́n "up" kò ní bá a lọ, nítorí pé ìṣe ló ni ín.