Agbádá Kì Í Wo Àìsàn Ọkàn: Ìgbàgbọ́ Òdì Nípa Ọkùnrin Tó Wà Lójú Ayé

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin wa ní Iléṣà, pé ọkùnrin tó bá ṣì ń jáde síta, tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dún ketekete lórí rédíò tàbí lórí pẹpẹ, kò lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ẹni tó ti bọ́ sí ìgboro, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ẹrẹ́jà, tó sì ń ṣa àkísà kiri, ni àìsàn ọpọlọ wà fún; ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀, ara rẹ̀ le nìyẹn. Bí ẹni náà bá wá jẹ́ gbajúmọ̀, ìbáà ṣe olóyè, pásítọ̀, lémọ́ọ̀mù, olóṣèlú tàbí òṣèré, ìgbàgbọ́ yẹn a tún le sí i. Kí ni yóò máa dun ẹni tí gbogbo ìlú ń kí?

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa ènìyàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìsoríkọ́, yàtọ̀ pátápátá sí wèrè tí à ń rí lójú títì. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wò ni bóyá inú ẹni náà ti bàjẹ́, tàbí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ní ọ̀pọ̀ jù lọ wákàtí ojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Wọn a sì tún wò ó bóyá oorun rẹ̀ ti dàrú, bóyá oúnjẹ kò wù ú mọ́, bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, tí kò lè pa ọkàn pọ̀, tó sì ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí agbádá kò lè bò mọ́lẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta tí ayẹyẹ fi ń lọ.

Ó tún lè gba ọ̀nà mìíràn yọ lára ọkùnrin: ìbínú òjijì, ọtí tó ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ẹ̀yìn ríro, àyà tó ń já láìnídìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti kíyè sí i pé ara ni wàhálà ọkàn ti sábà máa ń kọ́kọ́ fọhùn lọ́dọ̀ wa. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ráhùn pé orí àwọn ń gbóná, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì dúró sí wọn lọ́pọlọ mọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò lo oògùn ibà, tí yóò tún mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tí yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ó tó gbà pé ọkàn òun ni ó ń ṣàárẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi atọ́kùn ètò kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n ń pè sí ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìwúyè káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sátidé ló ti ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí òde tú, ó wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó pa iná ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀kalẹ̀, nítorí pé bí ó bá wọlé, ìyàwó yóò ní “Ẹ kú òde o, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?”, yóò sì di dandan kó tún gbé ẹ̀rín mìíràn wọ̀. Fóònù ń tàn lórí itan rẹ̀. Ẹnìkan ń tọrọ owó ilé ìwé ọmọ, ẹlòmíràn ń pè é sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹnìkan tí kò mọ̀ rí sì kọ ọ́ sórí Facebook pé àwàdà rẹ̀ ti gbó. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló yìn ín lọ́jọ́ náà; ọ̀rọ̀ ẹni kan tó bú u ni yóò máa kà títí di aago méjì òru.

Bí ojú ayé ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọkùnrin nìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dára lójú àwọn ẹlòmíràn kò ní ibi tí ó ti lè burú. Ìyìn kì í pẹ́ kó tó tán lára, èébú sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọkàn. Oorun kì í tó, ọtí kì í wọ́n lóde, àwọn tó yí i ká sì sábà máa ń jẹ́ àwọn tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò lè sọ fún wọn pé ó ti rẹ òun. Àní kíkí tí à ń kí ara wa pàápàá kò ràn án lọ́wọ́: “Ṣé dáadáa ni?” ni à ń béèrè, “A dúpẹ́” ni ìdáhùn kan ṣoṣo tó bójú mu.

Ẹni tó bá ń rò pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kò lè wà nínú ewu, kó gbọ́ ti Robert Enke. Aṣọ́lé ni fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hannover 96 ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń retí pé òun ni yóò ṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2009, ó gbá ìdíje pẹ̀lú Hamburg láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ta ọ̀mì 2–2. Ní ọjọ́ 10, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún 32 ni. Ìgbà tí Teresa, ìyàwó rẹ̀, àti dókítà rẹ̀ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì ni ayé tó mọ̀ pé ó ti gba ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní 2003, àti pé àìsàn náà ti padà dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kú ní 2006 nítorí àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ọn lára ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ mìíràn tọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ayé bá gbọ́, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òun, wọn yóò sì gba ọmọ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ìtọ́jú ti kọ́kọ́ ran ọkùnrin yìí lọ́wọ́ débi tó fi padà di aṣọ́lé tí gbogbo Jámánì ń yìn. Ìpamọ́ ni kò jẹ́ kó rí ìrànlọ́wọ́ tó pọ̀ tó nígbà kejì.

Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ 28 ní Olympics, sọ ní tirẹ̀ pé òun dé ibi tí kò wu òun láti wà láyé mọ́ ní 2014. Ó wá ìrànlọ́wọ́. Ní 2016, ó gba góòlù márùn-ún ní Rio.

Òwe wa kan wà tí ó yẹ ká tún wò. “Ikú yá ju ẹ̀sín” ni àwọn àgbà ń wí, èmi kò sì bá òwe jà. Ẹ̀sín tí wọ́n ní lọ́kàn ni ti olè, ti ọ̀dàlẹ̀, ti ẹni tó sá lójú ogun. Ta ló wá fi àìsàn kún un? Àwọn kan lára wa ti gbé òwe náà lé ọkùnrin tí kò rí oorun sùn lórí, ìyẹn náà sì gbà pé kí àwọn ènìyàn rí òun lẹ́nu ọ̀nà dókítà ọpọlọ burú ju ikú lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní 720,000 ènìyàn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún. Nínú ìṣirò àjọ kan náà, ara obìnrin ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti wọ́pọ̀ jù, síbẹ̀ iye ọkùnrin tó ń gba ẹ̀mí ara wọn tó ìlọ́po méjì ti obìnrin. Àìfọhùn wà lára ohun tó fà á.

Àwa Ìjẹ̀ṣà tún ní tiwa. Ọmọ òṣómàáló ni wá, àwọn baba wa tó gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó fi jáde, ni a sì fi ń wọn ọkùnrin títí di òní. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin fara sin díẹ̀ kò lòdì sí àṣà wa rárá. Ní Ilé-Ifẹ̀ tó múlé gbè wá, Ọọ̀ni a máa wọ ìpèbí fún ọjọ́ mélòó kan kí ọdún Ọlọ́jọ́ tó dé, ojú kì í sì í rí wọn títí wọn yóò fi dé adé Arè jáde. Ètùtù àti àdúrà ni wọ́n ń bá wọlé, èmi kò pè é ní ìtọ́jú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa ń sọ pé Kábíyèsí ti di ọ̀lẹ nítorí pé wọn kò jáde.

Ohun tó tún ń dẹ́rù ba ọkùnrin ni èrò pé ilé ìwòsàn ọpọlọ ni wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti fi hàn ní Aró, ní Abẹ́òkúta, pé kò pọn dandan: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò ní sun ilé ìwòsàn rárá. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè tó fún ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn yóò lo oògùn, èyí tó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò sì yẹ kí ènìyàn dá a dúró láìsọ fún dókítà. Àdúrà àti ìmọ̀ràn àwọn àgbà kò dí èyíkéyìí nínú wọn lọ́wọ́.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà níbí ní Iléṣà, ọ̀kan ni ó sì jẹ́ lára àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí olú wọn wà ní Ifẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì pé àwọn ará àdúgbò yóò rí òun lè gba Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn lọ. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí ó bá ṣáà ti lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, èyí tó rọ́pò òfin 1958, kò gbà kí wọ́n fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ilé.

Ó ku ìgbàgbọ́ òdì kan tó so mọ́ èyí: pé bí a bá bi ọkùnrin léèrè bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀, a ti fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ìwádìí àwọn oníṣègùn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ara sábà máa ń tu ẹni náà pé ẹnìkan béèrè. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó máa ń tan ilé ká bá yí padà, tó ń pín ohun ìní rẹ̀ kiri tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dágbére, ẹ pè é sẹ́yìn èrò, kí ẹ sì béèrè ní tààrà: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ má sí láyé mọ́?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí, kí ẹ sì bá a lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ó bá ní ayẹyẹ tí ó fẹ́ darí ní ọ̀la.