Bí Òṣèré Ṣe Ń Yan Ọ̀rọ̀ Àdásọ àti Bó Ṣe Ń Múra Rẹ̀

Kí olùdarí eré tó fún òṣèré ní ipa kan, ó sábà máa ń ní kó wá dá sọ̀rọ̀ inú eré níwájú òun fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì: ọ̀rọ̀ àdásọ nìyẹn. Inú yíyan ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà, kí wọ́n tó lanu rárá.

Ọ̀rọ̀ tó dára ni èyí tí ẹni tó ń sọ ọ́ ti ń wá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì: ó ń bẹ ìyá rẹ̀, ó ń sin gbèsè, ó ń dá ẹni tó fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ dúró. Èyí tó kàn ń ròyìn ohun tó ti kọjá máa ń kú mọ́ni lẹ́nu, bó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó. Odindi eré ni kí òṣèré kà, kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kété kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé ìwé, àwọn kan máa ń tú ọ̀rọ̀ eré Faransé sí Yorùbá. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àgbà tí kò gbọ́ Faransé. Ibi tó bá ti béèrè pé "Kí lo wí?", kí wọ́n tún ibẹ̀ kọ.

Bí wọ́n bá fúnni ní ìṣẹ́jú méjì, kí ọ̀rọ̀ má kọjá ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí wọ́n bá fi fóònù ka àkókò rẹ̀ nílé, torí ìdákẹ́ máa ń gùn lọ́jọ́ náà. Kí òṣèré há a sórí láìfi ẹkún tàbí ìbínú sí i, bó ṣe ń gbálẹ̀ tàbí fọ abọ́. Ẹni tó bá há ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ẹkún kò ní lè yí i padà bí olùdarí bá ní kó sọ ọ́ lọ́nà míì.

Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó wà lórí ọ̀rọ̀ ló le jù ní Yorùbá. Bí òṣèré bá ń pariwo, gbogbo ohùn á gòkè, ti ìsàlẹ̀ á sọnù, ìtumọ̀ á sì dàrú. Kó sọ gbólóhùn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ohùn rẹ̀ á fi pé, kó tó fi agbára kún un. Kó má sì gbé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn gbólóhùn mì.

Ẹni tó dàgbà sídìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ bí Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣe ń kọrin lóru sí gbogbo èrò. Ọ̀rọ̀ àdásọ yàtọ̀: ẹnì kan ṣoṣo là ń bá wí. Kí òṣèré fi ojú inú gbé ẹni náà sí ojú kan lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí olùdarí. Bó bá tẹjú mọ́ olùdarí fúnra rẹ̀, ìyẹn ò ní ráyè wò ó dáadáa.

Bí ọ̀rọ̀ bá sá lọ, kó má tọrọ àforíjì. Kó rántí ohun tó ń wá lọ́wọ́ ẹni náà, kó máa bá a lọ láti ibẹ̀.