Ṣé òótọ́ ni pé “kinní” ìgbà 21 lóṣù ń lé jẹjẹrẹ prostate?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún ti ń jà rànyìn lórí WhatsApp: ọkùnrin tó bá ń ṣe “kinní” nígbà 21 lóṣù, jẹjẹrẹ prostate ò ní mọ ilé ẹ̀. Àwọn ọkọ kan ti ń fi í ránṣẹ́ sí ìyàwó wọn láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn ìyàwó ní ká bá àwọn wádìí ẹ̀ wò.

Kí ni prostate gan-an?

Ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ibẹ̀ ni díẹ̀ lára omi tó di àtọ̀ ti ń wá. Obìnrin ò ní in.

Ta ló sọ pé 21?

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni. Láti 1986 ni wọ́n ti ń tọpa àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìlera: dókítà eyín, apòògùn, dókítà ẹran. Lọ́dún 1992, wọ́n bi wọ́n léèrè pé ìgbà mélòó ni àtọ̀ ń jáde lára yín lóṣù nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọdún 20 sí 29? Nígbà tẹ́ ẹ wà ní 40 sí 49 ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ọkùnrin 31,925 ló dáhùn. Nígbà tó fi máa di 2010, jẹjẹrẹ náà ti mú 3,839 lára wọn. Lọ́dún 2016 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde: àwọn tí tiwọn tó 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu tiwọn fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàwọn tó ń ṣe é nígbà 4 sí 7.

Ṣé jẹjẹrẹ ò wá lè mú wọn mọ́ nìyẹn?

Ó lè mú wọn. Ká sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, 15 ni ì bá ní in. Ẹ yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú 15 yẹn, 12 ló ṣì máa ní in. Àwọn 12 yẹn náà ka àtẹ̀jíṣẹ́ o. Bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ tó ń rọra dàgbà, tí kì í sábà pa èèyàn, lèyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó dín kù ọ̀hún. Èyí tó ń pààyàn gan-an, ìwádìí náà ò fi bẹ́ẹ̀ rí i pé ó dín kù.

Ṣé ìbálòpọ̀ nìkan ni wọ́n kà?

Rárá o. Àtọ̀ tó jáde ni wọ́n kà, wọn ò bìkítà nípa ọ̀nà tó gbà jáde. Ẹni tó sùn ti ìyàwó rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹni tó lálàá mọ́jú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn níwájú Harvard. Torí náà, bàbá tó fẹ́ fi ìròyìn yìí wá àlè, kó wá ẹ̀rí míì. Àwọn ìwádìí kan tiẹ̀ rí i pé jẹjẹrẹ yìí wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí àtọ̀sí ti ṣe rí.

Kí ló lè fà á?

Àwọn kan rò pé ohun tó bá pẹ́ jù nínú prostate lè ba ibẹ̀ jẹ́, pé bó ṣe ń jáde ń fọ ibẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ẹlòmíì lè ní bóyá torí pé ara àwọn tó ń ṣe é nígbà 21 yẹn le tẹ́lẹ̀ ni. Ó lè jẹ́, àmọ́ àwọn ẹni 21 yìí kan náà ló ń mutí jù, àwọn ló sì ń kọ ìyàwó jù.

Ṣé gbogbo ìwádìí ló fẹnu kò?

Ti Ọsirélíà lọ́dún 2003 jọ ti Harvard. Àwọn olùwádìí Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní tiwọn rí òdìkejì lọ́dún 2009: àwọn tó ń ṣe é gan-an nígbà tí wọ́n wà ní bí ẹni 20 sí 39 ọdún ni jẹjẹrẹ mú jù.

Fadá ńkọ́? Ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ti kú ńkọ́?

Kò sẹ́ni tó fi hàn pé àìṣe é ló ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ sùn dáadáa.

Ṣé ó kan àwa èèyàn dúdú?

Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí Harvard bi léèrè. Àwa gan-an sì ni ewu yìí pọ̀ lára wa jù. Nílùú Ọba, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ló máa ní in láyé rẹ̀. Tí wọ́n bá da gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ pọ̀, 1 nínú 8 ni. Ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ọkùnrin, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í dé ilé ìwòsàn títí tó fi máa wọ eegun. Ọjọ́ orí, àwọ̀, àti bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin tó ti ní in, ìwọ̀nyí ló yẹ kẹ́ ẹ máa kà ju iye ìgbà lọ.

Mò ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ṣé ó ti dé nìyẹn?

Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Prostate máa ń wú bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà síbẹ̀. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé jẹjẹrẹ yìí kì í sábà fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀, torí náà ẹni tó ń dúró de àmì lè dúró pẹ́ jù. Ọkùnrin dúdú tó bá ti tó ẹni ọdún 45, kó béèrè nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Àgbo kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ṣé kí n ṣe “kinní” dáadáa kí n tó lọ ṣe PSA?

Ẹ má dán an wò. Àtọ̀ tó bá jáde láàárín ọjọ́ méjì sí ọjọ́ àyẹ̀wò lè mú kí iye PSA yẹn ga sókè, kí wọ́n sì máa lé ohun tí kò sí kiri lára yín. Ẹni tó ń lé 21, kó gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Bó bá gbàgbé, kó sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á fún un lọ́jọ́ míì.