Afẹ́fẹ́ ló ń mu dísù yẹn: ìbéèrè àwọn onítírélà l'Abẹ́òkúta

Látìgbà tí lítà dísù kan ti ré kọjá 1,000 náírà, kò síbi tí àwọn onímọ́tò ńlá ti pàdé, ìbáà ṣe Lafẹ́nwá, ìbáà ṣe Ìta-Òṣìn, tí ọ̀rọ̀ epo kì í jáde. Mẹkáníìkì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà dírẹ́bà. Ẹnì kan wà tó ń bu nínú epo náà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Òun ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí ojú ò rí, báwo ló ṣe máa jẹ epo ọkọ̀ tó gbé 600 àpò sìmẹ́ńtì?

Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo tirẹ̀. Èyí tó bá kún inú àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, mítà kan ní gíga, á lé díẹ̀ ní kílò kan. Iwájú tírélà tó gbé kọ̀ǹténà fẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀, ó sì ga tó mítà mẹ́rin. Tó bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ yà fún un láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo tó 250 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Ẹ́ńjìnì ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, dísù ni ẹ́ńjìnì sì ń jẹ.

Eré ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 40, afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan; táyà àti ìwúwo ẹrù ló ń jẹ epo. Ní 100 lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, bí ìdajì agbára tó ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Iwájú ló ń kọlu afẹ́fẹ́. Kí wá ni ti ẹ̀yìn?

Ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọ̀ǹténà tó bá ti ojú ọ̀nà elérùpẹ̀ pupa dé. Ọ̀dà iwájú rẹ̀ ṣì ń hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti pọ́n débi pé ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sí i. Ẹ tún wo ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tó wà lójú títì nígbà tí tírélà bá kọjá: ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń sáré tẹ̀ lé, á máa pòyì níbẹ̀. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò lè ṣẹ́ kọ́nà ní igun ẹ̀yìn tó gún réjé. Ó fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀, àlàfo yẹn sì ń fa erùpẹ̀ mọ́ra, ó ń fa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà sẹ́yìn.

Àrọ̀ inú odò Ògùn ò ní ìṣòro yìí: iwájú orí rẹ̀ rí róbótó, ara rẹ̀ sì ń tín-ín-rín lọ títí dé ìrù. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù lókè òkun ń lé nìyẹn. Ní 1973, Edwin Saltzman, onímọ̀ ẹ̀rọ ní NASA (àjọ òfurufú Amẹ́ríkà) tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní California, kíyè sí bí ọkọ̀ ńlá tó bá kọjá ṣe máa ń tì í dànù, tí á tún fà á mọ́ra. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi páànù bo ọkọ̀ kan títí tó fi dà bí àpótí onígun mẹ́rin, wọ́n wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dènà rẹ̀ tó, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn igun náà di róbótó. Igun iwájú nìkan tí wọ́n yí padà dín ìdènà afẹ́fẹ́ kù ju ìdajì lọ.

Mo já gíráníìtì l'Ékòó, mo ń padà sí Ọ̀dẹ̀dá lófo. Kí ló dé tí epo ò dín tó bí mo ṣe rò?

Afẹ́fẹ́ kì í wọn ẹrù. Fífẹ̀ àti gíga ọkọ̀ ló mọ̀, àwọn méjèèjì ò sì yí padà nígbà tí ẹ já ẹrù. Ti típà tó ṣófo tilẹ̀ tún burú sí i: afẹ́fẹ́ ń já sínú rẹ̀, ó ń lọ gbá pákó ẹ̀yìn, ó ń jà nínú ibẹ̀ kó tó jáde.

Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí típà òfo tó ń sáré lọ tòun ti tapólì tó ká sórí ara rẹ̀. Ẹ ta á, kẹ́ ẹ sì so ó kó le dáadáa ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èyí tó ń lù pàpàpà lójú ọ̀nà, epo yín ló ń nà.

Bí ọ̀nà wa ṣe rí yìí, ṣé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó nǹkan?

Ó dá lórí ibi tẹ́ ẹ ń ná. Tó bá jẹ́ Ewékorò sí Sango lẹ ń lọ, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá yín dúró n'Ífọ̀, ẹ gbàgbé afẹ́fẹ́. Ẹ wo géèjì táyà. Pátákó tí wọ́n ń so sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tírélà l'Amẹ́ríkà, tí SmartWay, ètò ìjọba ibẹ̀ lórí dídín epo ọkọ̀ akẹ́rù kù, kà sí ohun tó ń dín epo kù ní ìdá 4 sí 5 nínú 100, títì gbọọrọ ni wọ́n ṣe é fún. Kòtò wa á fà á ya.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba Ṣàgámù já sí Benin tàbí tó forí lé Kano, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Tí tòkúnbọ̀ yín bá ní ìbòrí gígùn lórí ilé dírẹ́bà, tí kọ̀ǹténà lẹ sì ń gbé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́: òun ló ń darí afẹ́fẹ́ gba orí kọ̀ǹténà. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì tí kò ga tó ilé dírẹ́bà lẹ ń tò, ìbòrí yẹn gan-an ló ń kó afẹ́fẹ́ bá yín.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ dín eré kù. 60 ni òfin ìrìnnà Nàìjíríà fún tírélà àti táńkà lórí ọ̀nà màrosẹ̀. Láti 90 sí 60, ìdènà afẹ́fẹ́ á wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Kò sí wẹ́dà tó lè jó irin tó máa fún yín ní irú èrè bẹ́ẹ̀, ogún ìṣẹ́jú péré ló sì fi kún ìrìn 60 kìlómítà.

Ṣé tí mo bá sún mọ́ tírélà iwájú, kò ní bá mi gé afẹ́fẹ́ náà?

Á bá yín gé e. Ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ tó ru 30 tọ́ọ̀nù kì í dúró lójijì, kò sì sí dírẹ́bà tó lè rí kòtò tí ẹni iwájú fẹ́ yẹ̀. Ẹ̀mí ni.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé àyípadà tí mo ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ kún táńkì dé ẹnu, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, ẹ rin ọ̀nà kan náà pẹ̀lú dírẹ́bà kan náà àti ẹrù kan náà, kẹ́ ẹ sì tún kún un nílé epo kan náà. Ìrìn kan ò tó. Ẹ ṣe é léraléra kẹ́ ẹ tó ṣe àyípadà, kẹ́ ẹ sì ṣe é léraléra lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi ìrìn àkókò ọyẹ́ wé ti àkókò òjò, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá ń fẹ́ bọ̀ níwájú ní 20 á sọ ọkọ̀ tó ń sá 60 di ẹni tó ń ja ìjà 80.