Kì í ṣe àwọn tó ń gbé etí odò ló ba odò Cooum jẹ́

Ẹni tó bá dé ìlú Chennai, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà, yóò gbóòórùn odò Cooum kó tó fojú rí i. Bí ọkọ̀ bá ti gun orí afárá báyìí, kálukú a fọwọ́ bo imú. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé e kò yàtọ̀ síra: wọ́n á ní gọ́tà ni odò yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé àwọn tálákà tó kọ́ ahéré sí bèbè rẹ̀ ló ń dọ̀tí rẹ̀, àti pé bí ìjọba bá lè kó wọn kúrò níbẹ̀, odò á mọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àdúgbò Chintadripet, tí odò náà yí ká ní apá mẹ́ta, ló jẹ́rìí sí i jù lọ.

Ọdún 1734 ni George Morton Pitt, tó jẹ́ gómìnà fún East India Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní Madras (orúkọ tí Chennai ń jẹ́ nígbà náà nìyẹn), dá àdúgbò náà sílẹ̀. Aṣọ òwú ni òwò wọn, ó sì wù wọ́n kí àwọn ahunṣọ wà nítòsí. Ilẹ̀ ọgbà oníṣòwò ńlá kan tó ń jẹ́ Sunku Rama, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ni wọ́n mú fún un. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wá ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Àwọn ahunṣọ ni, àti àwọn tó ń ran òwú, àwọn tó ń ya àrà sára aṣọ, àwọn alágbàfọ̀ àti àwọn aláró, pẹ̀lú àwọn tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ńpìlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wo àwọn oníṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òfì kò tíì ṣe é tà. Wọ́n ní láti fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n tún fọ̀ ọ́, títí yóò fi funfun, kí aró tó lè mú un dáadáa. Iṣẹ́ omi gbáà ni, omi tó mọ́ sì ni. Ta ni yóò kó alágbàfọ̀ àti aláró lọ jókòó sí etí gọ́tà, tí yóò sì máa retí aṣọ tó ṣe é kó lọ sí Yúróòpù?

Tẹ́ńpìlì méjì tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà náà, ọ̀kan fún Vishnu, èkejì fún Shiva, tí àwọn méjèèjì jẹ́ òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Bákan náà ni wọ́n ń sọ nípa Pachaiyappa Mudaliar, oníṣòwò tó kú ní 1794, tí owó tó fi sílẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé inú odò Cooum ló ti máa ń wẹ̀ kó tó lọ gbàdúrà nínú tẹ́ńpìlì tó wà ní Komaleeswaranpet, nítòsí Chintadripet.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ohun tó ṣe odò náà pọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an sì nìyí.

Odò òjò ni Cooum. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni òjò máa ń rọ̀ jù ní Chennai, nígbà yẹn ni odò máa ń kún. Lókè odò, wọ́n ti dí omi síbí sọ́hùn-ún fún oko àti fún omi mímu ìlú, débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wọ àárín ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi òkè kò bá sọ̀ kalẹ̀, kí ló kù tó ń ṣàn nínú odò? Omi ìdọ̀tí ìlú ni: omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ilé ìdáná, omi ilé iṣẹ́, tí páìpù àti gọ́tà òjò ń gbé wọ inú rẹ̀. Ìlú ti gbòòrò ju ohun tí wọ́n ṣe láti sọ omi ìdọ̀tí di mímọ́ lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé ahéré kò ní páìpù. Ilé tó ní ṣáláńgá olómi mẹ́ta, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì ló ní in.

Ẹnu odò tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èbúté Madras ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ògiri rẹ̀ dá yanrìn tí òkun ń gbé lọ sí àríwá dúró. Yanrìn náà kó jọ sí gúúsù, òun ló jẹ́ kí etíkun Marina tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òun náà ló ń dí ẹnu Cooum, tí omi òkun kò fi lè wọlé wá fọ odò náà bó ṣe yẹ.

Ìjọba fúnra rẹ̀ náà sì kọ́lé sójú omi. Ọkọ̀ ojú irin olókè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, tó ń dúró ní Chintadripet, orí Buckingham Canal, ipa omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ gba inú ìlú náà, ni wọ́n ri púpọ̀ nínú àwọn òpó rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n gba ojú omi lọ́nà àìtọ́.

Síbẹ̀, ahéré ni wọ́n ń wó. Pàápàá lẹ́yìn ìkún omi oṣù kejìlá ọdún 2015, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé etí àwọn odò ìlú lọ sí ilé alájà ní Perumbakkam, ó lé ní kìlómítà 20 sí àárín ìlú. Ẹ ronú nípa obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ilé ní Egmore, àdúgbò kan láàárín ìlú, tàbí ẹni tó ń gé ẹja fún oníbàárà ní ọjà ẹja Chintadripet: á fi ẹsẹ̀ tẹ pákó mọ́lẹ̀, abẹ tó tẹ̀ kọdọrọ á dúró lóòró lórí rẹ̀, á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹja vanjaram sára abẹ náà títí yóò fi gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iṣẹ́ yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti Perumbakkam, owó ọkọ̀ àti wákàtí tó ń lò lójú ọ̀nà á jẹ apá tó pọ̀ nínú owó tó ń rí. Àwọn ọmọ náà sì fi ilé ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní àárín ọdún.

Ó dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó kéré jù nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà ló ń jìyà jù. Bí a bá fẹ́ kí odò mọ́, orí àwọn páìpù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n dí gbogbo ibi tí omi ìdọ̀tí ti ń tú sínú Cooum, kí wọ́n kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa sọ ọ́ di mímọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí omi díẹ̀ máa ti òkè sọ̀ kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àjọ tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn odò Chennai mọ èyí, dídí àwọn páìpù náà sì wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn ará Chennai máa bi wọ́n lọ́dọọdún ni pé mélòó ni wọ́n ti dí.