Kọ̀ǹpútà kékeré: ohun tó ṣì ń tú, àti ohun tí kò ní tú mọ́

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ń súnkì. Àpótí gogoro tó ń gba abẹ́ tábìlì tán ti di ohun tí ọwọ́ kan ń gbé. Ilé iṣẹ́ Intel ló fi kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ tó ń jẹ́ NUC sọ irú rẹ̀ di gbajúmọ̀, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú lóròó. Ní 2023, Intel jáwọ́, ilé iṣẹ́ ASUS gbà á ṣe.

Lórí tábìlì oníṣẹ́ kan nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìdè mẹ́rin péré ni wọ́n máa tú kí inú irú kọ̀ǹpútà yìí tó hàn. Ráàmù méjì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló sùn léra wọn, irú tí kọ̀ǹpútà alágbèéká ń lò. Bí wọ́n bá fi èékánná ya ìkọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, á ta dìde fúnra rẹ̀. SSD rẹ̀, ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù, ìdè kan ló dì í mú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra ráàmù gíígà 8 lónìí fi lè sọ ọ́ di 32 lẹ́yìn ọ̀la. Ṣíìpù tó ń ṣírò ni kò ṣeé yọ. Òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ìta ni ṣájà rẹ̀ wà, òun ló ń sọ iná fóòtì 220 di fóòtì 19. Bí iná bá ba ṣájà jẹ́, ṣájà nìkan ni wọ́n á pààrọ̀. Àmọ́ fáànù rẹ̀ kéré, eruku ọyẹ́ Kétu kì í sì í ṣe eré: bó bá di ihò fáànù, ṣíìpù á gbóná, á sì fúnra rẹ̀ dẹ ìrìn.

Ọ̀rọ̀ ráàmù ni ọjọ́ iwájú rọ̀ mọ́. Bí onílù bá ń lù jẹ́jẹ́, ẹni tó wà lódìkejì ọjà á gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Bó bá sáré jù, ìró á máa wọnú ìró. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ráàmù àti ṣíìpù. Gbogbo ibi tí wáyà bá ti so mọ́ ihò ni àmì ti ń ta padà díẹ̀, bí eré bá sì ti pọ̀ tó ni èyí ń dààmú tó. Ọ̀nà tó rọrùn jù fáwọn ilé iṣẹ́ ni kí wọ́n gbé ráàmù sún mọ́ ṣíìpù, kí wọ́n fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Framework pàápàá, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí kọ̀ǹpútà tó ṣeé tú, ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì tirẹ̀ ní 2025 pẹ̀lú ráàmù tó tó gíígà 128, wọ́n sì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ra kékeré nínú rẹ̀ ti ra kékeré títí láé.

Àbọ̀ ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní CAMM2, tí JEDEC, àjọ tó ń fi ìlànà ráàmù lélẹ̀, fọwọ́ sí lópin 2023. Ráàmù náà dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ìdè ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, ọ̀nà wáyà sì kúrú. Ó ṣeé yọ, ó sì yá. Kò kàn tíì wọ́pọ̀ ni.

Ní Kútọnu, àwọn kan ń kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, wọ́n ń pè é ní Jerry. Nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n jó ráàmù wọn mọ́ bọ́ọ̀dù bá di àlòkù, bóyá SSD wọn nìkan ni kẹ́ẹ̀gì á rí gbà.